Òwú Pupa Inú Kábínẹ́ẹ̀tì Takie

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi láti béèrè bóyá iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì dára fún èèyàn láti kọ́, ẹ jókòó dáadáa, nítorí inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ eléyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn ìjọba tún wá sí Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí. Wọ́n ta ìbòrí, wọ́n to àga, wọ́n na ríbọ́ọ̀nù sí ẹnu kòtò kan tí wọ́n gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ní íńtánẹ́ẹ̀tì tó yára yóò gba ibẹ̀ dé gbogbo ilé ìwé àti ilé ìwòsàn agbègbè wa. Mo sún mọ́ kòtò náà, mo bojú wò ó. Páìpù wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wáyà kankan kò sí nínú páìpù. Mo wá bi ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn pé, "Ọmọ mi, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gé ríbọ́ọ̀nù yìí tán, ọjọ́ wo lẹ ń padà bọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìjọba ń ṣiṣẹ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú bí mi débi pé mi ò dúró gba mínírà tí wọ́n ń pín.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn. Orúkọ mi ni Lásísì Àlàó. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi. Iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba ni mo ṣe, tẹlifóònù àtijọ́ tó ń gba orí òpó àti abẹ́ ilẹ̀ wọlé. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn: ẹnìkan mọ ẹnìkan, mo sì lè gun òpó. Owó oṣù wa ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́, kí ẹ má baà fi mí ṣẹ̀sín. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ẹni tó kọ́ mi.

Ọ̀gá Jìnádù ló ń jẹ́. Nítòsí Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ ni kábínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà. Ẹ̀yin ò mọ kábínẹ́ẹ̀tì tí mò ń wí. Àpótí irin ńlá ni, ó ga dé àyà àgbàlagbà, ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n máa ń rì í mọ́. Inú rẹ̀ ni wáyà tó ń bọ̀ láti ilé ẹ̀rọ ti ń pàdé wáyà tó ń lọ sílé oníkálukú. Wáyà tín-ín-rín méjì ni tẹlifóònù kan ń lò, àwa a máa pe méjèèjì pọ̀ ní okùn kan. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún okùn ló kó jọ sínú kábínẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, wọ́n sì jọra wọn bí irun orí.

Oṣù mẹ́fà gbáko ni Ọ̀gá kò fi jẹ́ kí n mú pínsà lọ́wọ́. Mo ń gbálẹ̀ yí kábínẹ́ẹ̀tì ká, mo ń di àkàbà mú, mo ń kọ́ àwọ̀ wáyà sórí bí ọmọ kéú ṣe ń kọ́ wàláà. Nígbà tó wá gbà kí n so wáyà, mo so ó, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi pínsà gé e kúrò. "Tún un ṣe." Mo tún un ṣe, ó tún gé e. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹsàn-án, omi ti ń dà lójú mi. Mo ní, "Ọ̀gá, ó kúkú ń ṣiṣẹ́." Ó ní, "Ó ń ṣiṣẹ́ lónìí. Ṣé òní nìkan lonílé fẹ́ fi sọ̀rọ̀ ni?" Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn wáyà tí mo so nígbà yẹn kò já títí tí wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ tó le jù lọ ni òfin òwú pupa. Láyé ìgbà náà, okùn kò tó. Ìjọba á gbé ìwọ̀nba díẹ̀ wá sí ìlú ńlá, wọ́n á pín in fún àwọn èèyàn ńláńlá, mẹ̀kúnnù á máa kọ lẹ́tà títí ìwé á fi tán. Nítorí náà, bí okùn dókítà bá bàjẹ́ lábẹ́ ilẹ̀, a ó yá okùn tíṣà tó lọ sílé fún ọlidé, a ó fi so dókítà títí a ó fi tún tirẹ̀ ṣe. Kò sí oníṣẹ́ tí kì í yá okùn. Ọ̀gá Jìnádù kò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń yá a. Yóò lọ gba òwú pupa lọ́wọ́ àwọn oníṣọ̀nà awọ lẹ́yìn ọjà, yóò so ó mọ́ okùn tí a yá, ní ibi tí ojú ti lè rí i. Lẹ́yìn náà, ìwọ tí o fọwọ́ gé e ni wàá fẹsẹ̀ ara rẹ rìn dé ilé ẹni tó ni okùn, wàá sọ fún un pé, "A yá okùn yín, ọjọ́ báyìí la ó dá a padà." Ó máa ń wí pé, "Òwú fún ojú, ẹnu fún etí."

Lọ́jọ́ kan, mo yá okùn alùfáà kan, mo wá bá aládùúgbò rẹ̀ kan pàdé lọ́nà, mo ní kó bá mi sọ fún un. Ọ̀gá gbọ́. Ó ní kí n padà síbẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, mo sì ń gbààwẹ̀. "Ṣé ọwọ́ aládùúgbò ni wọ́n fi gé wáyà rẹ̀ ni?" Mo padà síbẹ̀. Mo sì fi ẹnu ara mi sọ fún un.

Nígbà tó kù bí ọdún díẹ̀ kí 1990 wọlé, wọ́n gbé mi lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbà ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun ń pè ní SAP ni, gbogbo nǹkan ti gbówó lórí. Kábínẹ́ẹ̀tì Takie di tèmi. Mo fi òwú pupa síbẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ní ọ̀nà tó jáde sí Ìlọrin, obìnrin agbẹ̀bí kan wà tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì Dọ́kàsì, ọmọ ìjọ Aládùúrà. Ó ti fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó ń gbẹ̀bí nínú ilé oníyàrá mẹ́rin. Ọdún tó fi kọ lẹ́tà fún tẹlifóònù kò ṣe é kà. Èmi ni mo so ó fún un nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. Ó fi ẹfun kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn ńlá sára ògiri gàdàgbà, ó pe wọ́n, wọ́n dáhùn. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Àlàó, o ti gbé ilé ìwòsàn wọnú ilé mi." Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ìgbà tí mo yà níbẹ̀ tí kò ní bu mọ́ínmọ́ín fún mi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí rédíò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ìjọba ti ra ẹ̀rọ tuntun! Tẹlifóònù á kárí! Gómìnà ológun fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá ṣí i, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọjọ́bọ̀ ní Ọ̀yọ́. Wọ́n ta ìbòrí sí pápá kan lẹ́bàá Takie, wọ́n ní kafíńtà kan kó kan pèpéle. Orí pèpéle náà ni Gómìnà yóò ti gbé tẹlifóònù tí yóò fi bá Èkó sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ayé. Ó ku ọ̀la, wọ́n rí i pé kò sí okùn tó dé pápá náà. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò, wọ́n ti san owó wáyà, wáyà kò dé. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, kí ló yàtọ̀ sí kòtò ọ̀sẹ̀ tó kọjá?

Ọ̀gá àgbà kan ti Ìbàdàn wá, ó wọ bàtà tó ń dán. Ó ní, "Àlàó, wá okùn kan tó dáa, tó gba ẹ̀gbẹ́ pápá yìí kọjá."

Mo ní, "Sà, ti agbẹ̀bí nìkan ló gba ibẹ̀."

"Yá a. Bí Gómìnà bá ti sọ̀rọ̀ tán lọ́la, dá a padà."

"Màá kọ́kọ́ lọ sọ fún un, sà."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Lọ síbo? Tó bá wá ń pariwo kiri ìlú ńkọ́? Ọjọ́ kan péré ni. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ jàre."

Mo yá okùn náà. Mo so òwú pupa mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mi ò lọ sọ fún Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rù ọ̀gá Ìbàdàn bà mí, mo sì sọ fún ọkàn mi pé ọjọ́ kan kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín nínú ìwé yìí: ìjọba kọ́ ló di ẹsẹ̀ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo dé Takie, mo bá àwọn akunlé. Ọ̀gá Ìbàdàn ti ní kí wọ́n kun kábínẹ́ẹ̀tì ní àwọ̀ ewé àti funfun, inú àti òde, bóyá Gómìnà á fẹ́ wo inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, tó rí òwú pupa tó rọ̀ wálẹ̀ láàárín wáyà, ó fò sẹ́yìn. Ó ní, "Kí lèyí? Oògùn lẹ fi ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbí? Kí Gómìnà wá rí ààlè nínú ẹ̀rọ?" Ó ní kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀. Kí n tó dé, wọ́n ti gé e, wọ́n ti gbá a dànù. Gbogbo okùn tí mo yá, èyí tí mo yá fún ilé ìwé àti èyí tí mo yá fún bárékè, pẹ̀lú ti Nọ́ọ̀sì, wọ́n dà pọ̀ mọ́ àwọn tó kù, ọ̀dà tútù sì bo àmì orí wọn. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Gómìnà dé. Ó gbé tẹlifóònù, ó ní "Hàlóò, Èkó", Èkó dáhùn, àwọn èèyàn hó yèè. Ó dára lójú, mi ò ní í parọ́. Bí wọ́n ṣe tú ká ni mo sáré lọ sí kábínẹ́ẹ̀tì láti bẹ̀rẹ̀ sí í wá okùn Nọ́ọ̀sì. Ọ̀gá Ìbàdàn pè mí. "Fi ìyẹn sílẹ̀. Ọ̀yọ́ ló kàn. Wọ mọ́tò." Mo ní ó kù díẹ̀. Ó ní ṣé mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi. Mo wọ mọ́tò.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo wà nídìí kábínẹ́ẹ̀tì Akẹ̀sán. Wọ́n ti kun òun náà. Ẹnìkan fi ọ̀pá gún ilẹ̀ lẹ́yìn mi, mo wẹ̀yìn, Ọ̀gá Jìnádù ni. Ó ti fẹ̀yìn tì. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó bojú wo inú kábínẹ́ẹ̀tì.

"Ibo ni òwú mi wà?"

"Wọ́n gé e, Bàbá. Wọ́n ní ó jọ ààlè."

"Ti Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́?"

"Wọ́n gé ìyẹn náà."

"Okùn ta lo yá níbẹ̀?"

"Ti agbẹ̀bí kan, Bàbá."

"O sọ fún un?"

Mo na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn kábínẹ́ẹ̀tì, bíi pé mo fẹ́ tì í.

"Lásísì, mo ní ṣé o fi ẹnu ara rẹ sọ fún un?"

"Rárá, Bàbá. Wọ́n ní ọjọ́ kan ni."

"Ọjọ́ kelòó rèé?"

"Ọjọ́ kẹrin."

Kò pariwo. Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. "Lọ wọ mọ́tò. Má yà síbì kankan. Agbẹ̀bí kì í lọ́jọ́ ìsinmi." Mo fi ọ̀gá Ìbàdàn sílẹ̀ níbi tó ti ń kígbe orúkọ mi, mo lọ.

Nígbà tí mo dé ilé Nọ́ọ̀sì, oòrùn ti wà ní àtàrí. Ilé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ọkùnrin kan jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé orí lé eékún. Kafíńtà tó kan pèpéle Gómìnà ni. Ìyàwó rẹ̀, Ṣìfáwù, ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí láàárọ̀ ọjọ́ náà, oyún àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ ni ọmọ náà kọ́kọ́ yọ, ó sì há. Ìgè ni ì bá máa jẹ́. Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé iṣẹ́ náà ju ti òun lọ, ó sáré gbé tẹlifóònù láti pe ilé ìwòsàn. Kò dún. Ó gbé e kalẹ̀, ó tún gbé e. Ó rò pé ó kàn ń ṣe ségesège bó ti máa ń ṣe ni, pé yóò bọ̀ sípò láìpẹ́. Ìgbà tó fi wá rán ọkọ lọ wá mọ́tò, tí mọ́tò fi dé, ọmọ ti kú. Díẹ̀ ló kù kí ìyá náà bá a lọ.

Nọ́ọ̀sì kò bú mi. Ká ní ó bú mi, ìbá sàn. Ó mú tẹlifóònù náà lórí tábìlì, ó nà án sí mi. Ó ní, "Àlàó, bá mi gbọ́ ọ."

Mo fi sétí. Kò sí ohun kankan níbẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí pèpéle dé orí òwú. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá ti ní kí ọkọ rẹ̀ wá mọ́tò sílẹ̀ láti òwúrọ̀. Ṣé ó pọ̀ jù láti sọ?" Títí di òní ni ìbéèrè yẹn ń jí mi lójú oorun.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dán okùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó rí tirẹ̀. Mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, mo fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Èsì tí wọ́n fún mi ni ìwé ìyìn! Wọ́n ní wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ tó jẹ́ kí ayẹyẹ Gómìnà lọ déédéé. Mo fa ìwé náà ya. Wáyà tí wọ́n ti san owó rẹ̀ kò dé títí a fi dí kòtò náà, tí àgbàdo hù lórí rẹ̀.

Mo tún ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, iná ni a fi ń yọ́ òjé sórí wáyà. Lẹ́yìn náà ni ike kékeré tí a ń fi pínsà tẹ̀ mọ́ ibi tí wáyà méjì ti pàdé wọlé dé. GSM wá dé, kò lo wáyà rárá, àwọn olè sì hú tiwa tà fún bàbà inú rẹ̀. Lónìí, fáìbà tó jọ irun dígí ni wọ́n ń lò, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú rẹ̀. Mo ti rí i, ó yà mí lẹ́nu, ìbá wù mí kí n tún di ọ̀dọ́ kí n kọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ lọ kọ́ ọ. Iṣẹ́ gidi ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ìjọba fọwọ́ kúrò níbẹ̀. Ọlọ́jà kì í gbé igbá lọ síbi tí kò sí olùrà. Ilé iṣẹ́ aládàáni á gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wá sí Takie, á dúró níbẹ̀. Kò ní í dé abúlé tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń ṣọ́. Ìjọba ló yẹ kó gbé e débẹ̀, owó wa ló wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n rò pé gígé ríbọ́ọ̀nù ni iṣẹ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Iṣẹ́ ni kí wáyà wọnú páìpù, kí ẹnìkan padà wá wò ó, kí wọ́n sì sọ fún ẹni tó ni ín nígbà tí kò bá ṣiṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì Dọ́kàsì ti kú. Ṣìfáwù wà. Ó bí ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó ń ta òrí ní Takie, ibi tí kábínẹ́ẹ̀tì mi wà tẹ́lẹ̀ kò jìnnà sí ìsọ̀ rẹ̀. Bí mo bá ti ń kọjá, á kí mi, "Ẹ kú ìrìn o, Bàbá Tẹlifóònù." Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mi ò lè wojú rẹ̀ pẹ́. Èmi tí mò ń bú ìjọba pé wọn kì í padà wá, èmi náà kò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí mo kúrò nídìí kòtò ọ̀sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú ìbínú, ẹsẹ̀ mi gbé mi dé ìsọ̀ rẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí rẹ̀, mo sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́: okùn, òwú, ọjọ́ mẹ́rin, àti bí mo ṣe dákẹ́. Ó ń fi ṣíbí gún òrí nínú igbá, kò dúró. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó nu ọwọ́.

Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi lọ́dún náà. Ọjọ́ tí ẹ ó wá sọ ọ́ ni mò ń retí."

Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó bu omi fún mi, mo mu ún. Lẹ́yìn náà ló gbójú wo ìsàlẹ̀ títì, níbi tí wọ́n ti ń tú ìbòrí, tí wọ́n ń kó àga sínú ọkọ̀, tí ríbọ́ọ̀nù tí wọ́n gé ti bọ́ sínú kòtò.

Ó bi mí pé, "Àwọn yẹn ńkọ́, Bàbá? Ìgbà wo làwọn ń bọ̀ wá sọ tiwọn?"